Aago Olówó Iyebíye ní Etí Òkun

Aṣọ ni a ń kí kí a tó kí ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ní ayé òde òní, aago ọwọ́ ti di ọ̀kan lára ohun tí a ń kí. Ọkùnrin tí ó lọ ṣe fàájì ní etí òkun ní Lẹ́kkí tàbí ní Àgbádárìgì lè bọ́ agbádá, kí ó bọ́ bàtà, kí ó ku ṣòkòtò péńpé nìkan ní ìdí rẹ̀, síbẹ̀ kí aago wúrà máa dán ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Aago yìí nìkan ni ó kù tí ayé fi lè mọ̀ pé ènìyàn pàtàkì ni. Kò sí ẹni tí ó lè dá a lẹ́bi. Owó rẹ̀ ni ó fi rà á. Ohun tí ó yẹ ní yíyẹ̀wò ni ohun tí òkun, oòrùn àti iyanrìn ń ṣe fún irú aago bẹ́ẹ̀, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ tí a kọ sí ara rẹ̀ fi máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, àní àwọn tí ó mọ ìwé kà dáadáa pàápàá.

Nígbà tí aago ọwọ́ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbilẹ̀, omi àti eruku ni ọ̀tá rẹ̀ méjèèjì. Ní ọdún 1926 ni ilé-iṣẹ́ Rolex gbé aago kan jáde tí wọ́n sọ ní Oyster. Orúkọ ẹ̀dá inú omi kan ni, èyí tí ó máa ń pa ìkarawun rẹ̀ dé pinpin kí ohunkóhun má baà wọlé tọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 1927, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Mercedes Gleitze, lúwẹ̀ẹ́ la òkun tóóró tí ó wà láàrin ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Kò pẹ́ tí obìnrin mìíràn fi sọ pé òun náà ti ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó tó wá jẹ́wọ́ pé irọ́ ni òun pa. Irọ́ yìí ni ó kó bá Gleitze, nítorí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí ṣiyèméjì nípa tirẹ̀ náà. Ni ó bá tún wọ inú òkun ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà láti fi ara rẹ̀ hàn ní olóòótọ́, Rolex sì fún un ní Oyster kan láti gbé dání. Omi náà tutù kọjá àlà. Ó lò ju wákàtí mẹ́wàá lọ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde láìjẹ́ pé ó dé èbúté. Ara obìnrin náà kò gbà á mọ́, ṣùgbọ́n aago ń ṣiṣẹ́ geere. Kí oṣù kọkànlá tó parí, Hans Wilsdorf, olórí ilé-iṣẹ́ náà, ti ra ojú ewé kìn-ín-ní ìwé ìròyìn Daily Mail láti fi polówó ọjà rẹ̀. Ohun kan tí ó yẹ kí a kíyèsí ni pé ọrùn ni obìnrin náà fi aago kọ́, kì í ṣe ọwọ́ tí ó fi ń na omi.

Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò ti ń sọ fún ayé pé omi kò lè wọ aago tiwọn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ju òtítọ́ lọ. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn aláṣẹ ètò òwò ní Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí a máa lo gbólóhùn 'WATERPROOF' lára aago mọ́. 'WATER RESISTANT' ni ó rọ́pò rẹ̀, òun ni a sì ń rí ní ẹ̀yìn aago títí di òní. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin gbólóhùn méjèèjì kò kéré. Èkínní sọ pé omi kò lè wọlé. Èkejì sọ pé aago náà ń bá omi jà. Ẹni tí ń bá ẹkùn jà kò sọ pé ẹkùn kò lè pa òun.

Iye mítà tí wọ́n ń kọ tẹ̀lé e ni ó tún burú jù. Bí a bá rí '30 m' lára aago, ohun tí yóò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni ni pé ènìyàn lè gbé e rì wọ inú omi ní ọgbọ̀n mítà láìfòyà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí a bá ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú omi ni omi ń tẹ nǹkan sí i. Ní gbogbo mítà mẹ́wàá, ìtẹ̀ náà ń fi nǹkan bí BAR kan lé sí i, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ ayé fi ń tẹ̀ wá lórí ilẹ̀. '30 m' túmọ̀ sí pé aago náà, nígbà tí ó ṣì wà ní titun, fara da ìtẹ̀ BAR mẹ́ta nínú omi tí kò rú ní ilé-iṣẹ́. Ìlànà àgbáyé tí a ń pè ní ISO 22810, tí ó jáde ní ọdún 2010, tilẹ̀ fún àwọn aṣaago láyè láti mú díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ kí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò. Nítorí náà, òjò àti omi ìfọwọ́ ni a lè fi '30 m' kò. Ẹni tí ó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, kí ó wá '100 m'. Èyí tí a ṣe fún àwọn tí ń rì wọ inú òkun ní ìlànà tirẹ̀, ISO 6425. Ibẹ̀ ni a ti ń yẹ aago wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a ń fi ìdámẹ́rin lé ìtẹ̀ tí a kọ sí i lára, tí a sì ń rẹ irú rẹ̀ sínú omi iyọ̀ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti yí padà mọ́ olówó lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aago wúrà pẹlẹbẹ tí ó wọ́n jù lọ, tí a ṣe fún agbádá àti kóòtù, '30 m' ni wọ́n kọ sí wọn lára. Aago rọ́bà tí ọmọ ilé-ìwé fi owó kékeré rà lè ní '100 m'. Owó kọ́ ni ó ń dí ihò.

Rọ́bà ni ó ń dí i. Òrùka rọ́bà tín-ín-rín wà lábẹ́ gíláàsì, ó wà ní ẹ̀yìn aago, ó sì wà ní ìdí kókó tí a fi ń yí i. Rọ́bà a máa gbó, a máa le, a sì máa sán bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi aago sílẹ̀ fún láti ogójì ọdún sẹ́yìn kò gbọdọ̀ gbára lé ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, àyàfi tí alátùn-únṣe bá ti pààrọ̀ àwọn rọ́bà náà tí ó sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bákan náà, kókó tí a kò tẹ̀ wọlé, tàbí tí a kò yí le, ilẹ̀kùn gbayawu ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa kókó yìí nínú omi nítorí pé ó fẹ́ tún àkókò ṣe.

Oòrùn ní ọgbọ́n àrékérekè tirẹ̀. Aago tí ó wà lórí iyanrìn ní ọ̀sán gangan a gbóná janjan, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a sì fẹ̀. Bí oníaago bá bẹ́ lu omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ náà a sún kì, a sì fẹ́ máa fa ohun tí ó wà lóde wọlé. Bí ìkùukùu bá hàn lábẹ́ gíláàsì lẹ́yìn èyí, omi ti wọlé.

Omi òkun kì í sì í ṣe omi lásán. Lítà kan rẹ̀ ní nǹkan bí 35 gíráàmù iyọ̀ nínú. Iyọ̀ yìí a máa jẹ irin tí a pè ní aláìdípẹtà pàápàá, a sì gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sí i lára, pàápàá ní kọ̀rọ̀ tí omi ti gbẹ tí iyọ̀ sì kù. Awọ tí a fi ṣe okùn aago kò ní agbára kankan níwájú rẹ̀. Ti iyanrìn ni ọ̀pọ̀ kò kà sí. Bí a bá fi líle nǹkan wé ara wọn lórí òṣùwọ̀n Mohs, tí dáyámọ́ǹdì jẹ́ 10, òkúta wẹ́wẹ́ tí ó pọ̀ jù nínú iyanrìn jẹ́ 7. Gíláàsì sàfáyà tí ó wà lójú ọ̀pọ̀ aago olówó ńlá jẹ́ 9. Iyanrìn kò lè ha á. Ṣùgbọ́n irin àti wúrà rọ̀ jù iyanrìn lọ, wúrà ni ó sì rọ̀ jù. Bí ó ti wù kí ojú aago náà máa dán tó, ara rẹ̀ yóò kún fún ìlà. Ìpara tí àwọn kan ń fi pa ara nítorí oòrùn a tún máa lẹ iyanrìn mọ́ aago bí àtè.

Kí ni kí ènìyàn wá ṣe? Bí ó bá bọ́ ọ sínú àpò lórí iyanrìn, olè wà níbẹ̀, ìgbàgbé sì wà. Bí ó bá wọ̀ ọ́ wọ inú ìgbì, irin pẹ́pẹ́pẹ́ méjì ni ó so okùn mọ́ ara aago. Bí ọ̀kan bá já, òkun kì í dá nǹkan padà nítorí ẹ̀bẹ̀. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni kí aago wúrà wà ní ilé, kí a gbé èyí tí a ṣe fún omi lọ. Ẹni tí aago tirẹ̀ bá jẹ́ ti àwọn arìwọ̀kun, tí a sì ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀ déédéé, lè wọ̀ ọ́ láìbẹ̀rù, ìbáà ṣe pé owó ilé ni ó fi rà á. Kí ó ṣáà fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣàn án dáadáa kí ó tó lọ sílé.

Bí omi òkun bá sì ti wọ inú aago, àwọn kan a máa tẹ̀ ẹ́ sínú ìrẹsì, àwọn mìíràn a sá a sí oòrùn. Méjèèjì lè mú kí omi gbẹ, ṣùgbọ́n iyọ̀ kò ní bá omi lọ; ibẹ̀ ni yóò wà tí yóò máa jẹ irin. Ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe ni kí a gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an, kí a sì sọ fún un pé omi òkun ni, kì í ṣe omi òjò, kí ó lè mọ̀ pé òun gbọdọ̀ tú u palẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.