Nígbà tí Ọkọ̀ Bá Di Ọkọ: Ààlà Ìfiránṣẹ́ Láàárín Oníbèéèrè àti Olùpèsè Nínú Èdè C

Láti ìgbà tí Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley ti gbé 4.2BSD jáde ní 1983 ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ti di ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà méjì ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀, yálà wọ́n wà lórí ẹ̀rọ kan náà tàbí òkun ni ó là wọ́n láàárín. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì, tí lẹ́tà kan nínú rẹ̀ jẹ́ báìtì kan, ni àwọn ìwé ìkọ́ni sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ kò parọ́, ṣùgbọ́n ó bo ìṣòro kan mọ́lẹ̀ tí ó kan èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Olùpèsè kékeré kan tí ń ṣe iṣẹ́ atúmọ̀ èdè tó láti fi í hàn: oníbèéèrè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́, olùpèsè sì dá ìtumọ̀ rẹ̀ padà.

Oníbàárà ni orúkọ tí ó lè kọ́kọ́ wá sí ọkàn fún ètò tí ń béèrè. Ṣùgbọ́n lọ́jà Yorùbá, ẹni tí ń rà a máa pe ẹni tí ń tà ní oníbàárà òun, ẹni tí ń tà náà a sì máa pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí àwọn méjèèjì jọ ń jẹ́ kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Oníbèéèrè sàn jù.

Olùpèsè ni ó kọ́kọ́ ń dìde. Ó ń fi socket() gba sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń fi bind() so ó mọ́ àdírẹ́ẹ̀sì àti nọ́ńbà port, ó ń fi listen() kéde pé òun ti ṣetán, accept() a sì mú un dúró títí ẹnìkan yóò fi dé. Nígbà tí oníbèéèrè bá pe connect(), accept() yóò dá sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun padà fún àlejò yẹn nìkan. Ti àkọ́kọ́ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pe recv() lórí ti àkọ́kọ́, àṣìṣe ni yóò gbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Ìlérí TCP ni pé báìtì yóò dé pé, yóò sì dé ní ìtòtẹ̀lé tí ó fi kúrò nílé. Kò ṣèlérí pé ohun tí send() kan fi ránṣẹ́ ni recv() kan yóò gbà. Ẹni tí ń pọn omi nísàlẹ̀ odò kò lè mọ iye igbá tí wọ́n fi dà á sí i lókè. Nínú UTF-8, ọ̀rọ̀ náà "ọkọ̀" jẹ́ báìtì 9: ọ gba 3, k gba 1, ọ kejì gba 3, àmì ohùn ìsàlẹ̀ sì gba 2. Unicode kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ̀, nítorí náà àmì ohùn ń tẹ̀ lé lẹ́tà rẹ̀ bí ohun tí ó dá dúró. Bí recv() bá dúró lẹ́yìn báìtì keje, "ọkọ" ni ó wà lọ́wọ́ olùpèsè. Ká ní àárín lẹ́tà ni ó ti gé ni, wúruwùru tí yóò hàn lójú ẹ̀rọ ìbá jẹ́ kí ènìyàn fura. Níhìn-ín kò sí ohun tí yóò ta ẹnikẹ́ni lólobó: ọ̀rọ̀ gidi ni ó kù, ó sì wà nínú atúmọ̀ èdè. Ẹni tí ó béèrè ohun ìrìnnà yóò gba ìtumọ̀ baálé ilé.

Ìdánwò kì í sábà tú àṣírí yìí. Lórí ẹ̀rọ ẹyọ kan, ní 127.0.0.1, ọ̀rọ̀ kúkurú sábà máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí ìwé gígùn bá ń wọlé, tí àpò tí recv() ń kó o sí kò ju báìtì 1024 lọ, ni ẹnu àpò náà lè bọ́ sáàárín lẹ́tà àti ohùn rẹ̀.

Ojútùú rẹ̀ ni kí oníbèéèrè kọ́kọ́ fi iye báìtì ránṣẹ́, nínú báìtì 4 tí htonl() ti tò bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń tò wọ́n, kí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Báìtì ni strlen() ń kà, kì í ṣe lẹ́tà. Fún iṣẹ́ yìí, báìtì gan-an ni a nílò. Olùpèsè yóò wá máa gbà títí iye náà yóò fi pé:

int gba_tan(int s, char *apo, size_t iye)
{
    size_t ti_gba = 0;
    while (ti_gba < iye) {
        ssize_t n = recv(s, apo + ti_gba, iye - ti_gba, 0);
        if (n <= 0) return -1;
        ti_gba += n;
    }
    return 0;
}

Òdo láti ọwọ́ recv() túmọ̀ sí pé oníbèéèrè ti pa ilẹ̀kùn dé. Olùpèsè sì gbọ́dọ̀ wò ó bóyá iye tí wọ́n sọ fún un kò ju àpò rẹ̀ lọ kí ó tó gba báìtì kankan. Àlejò ni ó sọ ọ́, èdè C kò sì ní bá a ṣọ́ ẹnu àpò. Ìlànà DICT, tí ó jáde ní 1997 nínú RFC 2229 fún irú iṣẹ́ atúmọ̀ èdè yìí gan-an, gba ọ̀nà mìíràn: òpin ìlà ni ó fi ń mọ ibi tí àṣẹ parí sí. Ìyẹn náà dára, bí kò bá ti sí ìlà tuntun nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń béèrè.

Ó ku ohun kan. Báìtì 9 lè dé pé kí olùpèsè ṣì sọ pé òun kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà kan lè kọ ọ gẹ́gẹ́ bí U+1ECD, òmíràn lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí o àti U+0323. Báìtì 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n memcmp() yóò sọ pé wọn kò bára mu. Kò sí ohun tí ń tún èyí ṣe nínú àkójọ iṣẹ́ tí ó bá èdè C wá, nítorí náà ICU ni ó yẹ kí olùpèsè fi sọ ìbéèrè àti àkọlé inú atúmọ̀ èdè di NFC kí ó tó fi wọ́n wéra.