Ilẹ̀ Tí Ìjọba Pín Láìbi Afẹ́fẹ́ Léèrè: Bí Ọgbà Igi Ṣe Dé Ọ̀dàn Amẹ́ríkà

Ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Nebraska, Kansas àti Dakota méjèèjì ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé oko kì í sábà dá dúró: ọ̀wọ́ igi a máa tò lọ gbọọrọ ní ìhà àríwá àti ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, wọn a sì fi ìhà gúúsù sílẹ̀ ní gbangba kí oòrùn lè ráyè wọlé nígbà òtútù. Àwọn igi wọ̀nyí kì í ṣe èyí tó lalẹ̀ hù. Ọ̀dàn ni agbègbè náà, ìyẹn pẹ̀tẹ́lẹ̀ koríko tó na láti ààlà Kánádà títí wọ Texas, níbi tí òkè tó lè dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ kò ti pọ̀, tí igi kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hù bí kò ṣe ní etí odò. Ọwọ́ ènìyàn ló gbìn wọ́n, nítorí pé ọ̀nà tí ìjọba gbà pín ilẹ̀ náà kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lè yan ibi tó fara sin fún ìjì.

Àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ náà kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé kò bá afẹ́fẹ́ jà. Àwọn ọdẹ ẹfọ̀n bíi Lakota àti Cheyenne ń gbé inú tipi, ìyẹn àgọ́ awọ ẹran onírìísí ṣóńṣó tó ṣeé tú palẹ̀ tó sì ṣeé gbé rìn, wọn a sì máa kọ ẹnu rẹ̀ sí ìlà oòrùn, nítorí pé ìhà ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ jù. Bí òtútù bá sì dé, wọn a ṣí lọ sí àfonífojì odò, níbi tí igi àti bèbè yóò ti ṣíji bò wọ́n. Àwọn Pawnee tí wọ́n jẹ́ àgbẹ̀ a máa kọ́ ilé roboto tí wọ́n fi erùpẹ̀ bò, tí ilẹ̀ inú rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti ìta lọ, tí afẹ́fẹ́ kò fi rí igun kankan gbá mú.

Òfin Homestead ti ọdún 1862 ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹnikẹ́ni tó bá lè gbé lórí ilẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kí ó sì dáko síbẹ̀, òfin náà fún un ní éékà 160 láìgba ohun tó ju owó ìwé díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn awọnlẹ̀ ti ń fi ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ pín ilẹ̀ ìjọba sí igun mẹ́rin ọgbọọgba, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1785 ti là á sílẹ̀, láìka odò, àfonífojì tàbí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ sí. Àwọn tó tètè dé ló mú etí odò. Ẹni tó dé lẹ́yìn gba èyí tó kù, tó lè má ní gegele kan ṣoṣo, inú rẹ̀ gan-an ni òfin sì ní kí ó kọ́lé sí.

Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ní bèbè gbẹ́ ihò sínú bèbè náà, ó fi igi àti koríko dí iwájú rẹ̀, ó sì ń gbé inú rẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní dugout. Ẹni tí kò ní bèbè fi ohun ìtúlẹ̀ gé ilẹ̀ tí gbòǹgbò koríko ti dì pọ̀ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ó sì tò ó léra bíi bíríkì títí tó fi di ògiri tó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta. Òtútù kì í tètè wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ooru ẹ̀ẹ̀rùn kì í mú níbẹ̀, ìjì kò sì lè mì ín. Àmọ́ òrùlé rẹ̀ a máa jò, ejò a sì máa já bọ́ láti àjà, èyí tó fi jẹ́ pé, gbàrà tí ọkọ̀ ojú irin bá ti gbé pákó dé ìtòsí, onílé a kọ́ ilé pákó sórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì tún rí i mú. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1888, ìjì yìnyín pa èèyàn tó lé ní igba ní agbègbè náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé tó ń ti ilé ìwé bọ̀.

Ìjọba ti gbìyànjú láti fi igi tún ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣáájú ìgbà yẹn. Ní ọdún 1872 ni J. Sterling Morton, oníwèé ìròyìn ní Nebraska, dá ọjọ́ igi gbígbìn sílẹ̀; ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òfin Timber Culture ṣèlérí éékà 160 mìíràn fún ẹni tó bá gbin igi sí 40 nínú rẹ̀. Wọ́n dín 40 yẹn kù sí mẹ́wàá ní ọdún 1878, wọ́n sì fagi lé òfin náà ní ọdún 1891, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló fi orúkọ igi gba ilẹ̀, tí wọ́n sì tà á láìgbin nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni katakata dé, tí àlìkámà sì gbówó lórí nígbà ogun àgbáyé kìíní, àwọn àgbẹ̀ sì túlẹ̀ koríko tó ti di erùpẹ̀ mú láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nígbà tí ọ̀dá dá ní ọdún 1930 sí 1939, afẹ́fẹ́ fẹ́, fùrọ̀ adìẹ sì hàn: eruku oko ṣú bo ojú ọ̀run, ti ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1935 sì burú débi pé Ọjọ́ Àìkú Dúdú ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ààrẹ Franklin Roosevelt ti pàṣẹ ní ọdún 1934 pé kí wọ́n gbin ọ̀wọ́ igi láti Dakota Àríwá títí dé Texas. Àwọn onímọ̀ igbó kan tako èrò náà, wọ́n ní igi kò lè yè lórí ilẹ̀ gbígbẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbin àkọ́kọ́ sí oko kan ní Greer County, Oklahoma, ní oṣù kẹta ọdún 1935. Nígbà tí iṣẹ́ náà yóò fi parí ní ọdún 1942, igi tí wọ́n ti gbìn tó mílíọ̀nù 220, ìlà wọn sì gùn tó 18,600 máìlì. Àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni ìjọba gbà láti gbìn ín. Àgbẹ̀ ló yọ̀ǹda ilẹ̀, òun náà ló sì ń tọ́jú rẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ìdí tí igi fi dára ju ògiri lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá kọlu ògiri, yóò gun orí rẹ̀, yóò sì já bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí yóò ti máa yí bírí-bírí. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọlu ọ̀wọ́ igi, apá kan rẹ̀ yóò gba àárín ewé kọjá, agbára rẹ̀ yóò sì rọ̀. Ibi tí ààbò náà ti lágbára jù kì í ju nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá gíga igi lọ. Síbẹ̀, a kì í kọ́lé mọ́ ìdí igi náà tímọ́tímọ́, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni yìnyín máa ń gbá jọ sí.

Ohun tó ba iṣẹ́ igi gbígbìn ti Roosevelt jẹ́ kì í ṣe ọ̀dá. Ní ọdún 1952 ni Frank Zybach gba ẹ̀tọ́ òfin lórí ẹ̀rọ abomirinko tó ń yí po lórí táyà. Ẹ̀rọ yìí nílò pápá gbalasa láti fi yí, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì gé igi tí bàbá wọn gbìn kí ó lè ráyè kọjá, wọ́n tún ń ṣe àṣìṣe tí àwọn awọnlẹ̀ ṣe. Igi tó kù láti ayé Roosevelt ti gbó, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ti kú. Igi kédà pupa tí àgbẹ̀ bá gbìn lónìí láti fi dípò rẹ̀ yóò gbà tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó ga tó òrùlé ilé.