Pápákọ̀ Tí Òkun Ń Gbà Lẹ́ẹ̀mejì Lójúmọ́

Orí iyanrìn ni bàálù ń bà sí ní erékùṣù Barra, ní ìwọ̀-oòrùn Scotland. Etíkun gan-an ni pápákọ̀. Bí òkun bá kún, omi á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹja á máa wẹ̀ níbi tí táyà bàálù gbà kọjá láàárọ̀. Bí òkun bá fà, iyanrìn á tún yọ, á ti le gbagidi, bàálù Glasgow á sì dé. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń gba ilẹ̀ yìí, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà.

Àwa tí a ń wọ bàálù láti Ìkẹjà lọ sí Àbújá ti mọ ohun tí à ń pè ní ìdádúró. Wọ́n á kọ aago méje sórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago mẹ́wàá á lù, ẹnikẹ́ni kò ní là á yé wa. Ti Barra yàtọ̀. Àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò ibẹ̀ á kọ́kọ́ wo ìwé tó ń sọ ìgbà tí òkun yóò kún àti ìgbà tí yóò fà, kí wọ́n tó mọ wákàtí tí wọ́n máa kọ. Òkun ọ̀hún kì í sì í dúró sójú kan: bó bá kún ní aago mẹ́jọ lónìí, yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lọ́la. Ìdí nìyẹn tí bàálù tó ń bà níbẹ̀ láàárọ̀ lọ́sẹ̀ yìí fi lè di ti ọ̀sán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ká fi ojú tiwa wò ó, Olókun ni onílé, pápákọ̀ ni ayálégbé.

Tràigh Mhòr ni orúkọ etíkun náà lédè Gaelic tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni Etíkun Ńlá. Láti ọdún 1936 ni bàálù elérò ti ń ná ibẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n yà sórí iyanrìn, wọ́n tò wọ́n bí igun mẹ́ta, kí awakọ̀ lè máa rí èyí tó dojú kọ afẹ́fẹ́ lọ́jọ́kọ́jọ́ tó bá dé. Òpó igi ni wọ́n fi sàmì sí ìpẹ̀kun ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo pápákọ̀ ayé tí bàálù elérò ń ná lójoojúmọ́, òun nìkan ni wọ́n mọ̀ tí omi òkun máa ń bò mọ́lẹ̀ báyìí.

Twin Otter ni bàálù tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ilé iṣẹ́ Loganair ló ń wà á. Àga 19 ló wà nínú rẹ̀. Apá rẹ̀ ga sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ká sínú, kò sì nílò ilẹ̀ gígùn kó tó gbéra. Ẹ má retí ẹni tó máa gbé omi tàbí gúgúrú wá fún yín. Igbákejì awakọ̀ ló máa yíjú sẹ́yìn, tó máa sọ bí wọ́n ṣe ń de ara ẹni mọ́ àga, tó máa yíjú padà, tí wọ́n á sì lọ. Ìrìn náà fi díẹ̀ ju wákàtí kan. Bí ó bá kù díẹ̀ kó balẹ̀, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé á máa rí omi, omi, omi, á máa wá ilẹ̀ kiri, táyà á ti kan iyanrìn kó tó rí i. Omi díẹ̀ tó kù lórí iyanrìn á fọ́n sókè. Nítorí iyọ̀ inú omi yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ máa fi omi aláìníyọ̀ ṣan bàálù náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìpatà á jẹ ẹ́.

Etíkun kan náà ni àwọn ará ìlú ti ń wa cockle, ìyẹn ẹran inú ìkarahun kan tí wọ́n ń sè jẹ. Òfin tó wà láàárín àwọn àti bàálù rọrùn. Àpò aṣọ kan wà lórí òpó tó ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí hàn. Nígbà tí wọ́n bá ti ta á sókè, bàálù ń bọ̀ nìyẹn, kí oníkálukú gbé garawa rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, etíkun ti padà di ti gbogbo ayé. Ẹrù àwọn èrò kì í sì í yí lórí bẹ́líìtì kankan. Abẹ́ àtíbàbà kan tó dà bíi ti ibi tí èèyàn ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń kó o sí, kálukú á sì mú tirẹ̀.

Ní Orkney, àwọn erékùṣù tó wà ní àríwá Scotland, ọ̀rọ̀ náà tún kéré sí i. Láti ọdún 1967 ni bàálù ti ń fò láàárín erékùṣù Westray àti Papa Westray. Kìlómítà 2.7 péré ni, kò tó ìdámẹ́rin Afárá Third Mainland ní Èkó. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n kọ fún un. Èyí tó yá jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ gba ìṣẹ́jú àáyá 53. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá nítorí àtisọ pé àwọn ti wọ ìrìn bàálù tó kúrú jù láyé, mi ò sì bá wọn jà. Àmọ́ olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti dókítà ló ń gun ún lọ síbi iṣẹ́, bí àwa ṣe ń gun kórópe.

Àwọn èèyàn Papa Westray kò pé 100. Òfin bàálù kò wo ìyẹn: níbi tí bàálù elérò bá ti ń bà, àwọn panápaná gbọ́dọ̀ wà ní sẹpẹ́. Níbo ni ìlú bẹ́ẹ̀ ti máa rí ẹgbẹ́ panápaná gbà síṣẹ́? Ohun tí wọ́n ṣe ni pé àwọn àgbẹ̀ àtàwọn ará ìlú gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń ṣe é mọ́ iṣẹ́ wọn. Ẹni tó wọn ẹrù rẹ lórí òṣùwọ̀n lè jẹ́ òun náà ni yóò gbé aṣọ panápaná wọ̀ nígbà tí bàálù bá yọ lókèèrè, bàálù á sì lọ tán kó tó padà sídìí àgùntàn rẹ̀. Bàálù Islander tó ń ná ibẹ̀ kò gbà ju èrò mẹ́jọ lọ, nítorí náà bí èèyàn ṣe wúwo tó ṣe pàtàkì. Wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ yín, kí wọ́n sì yan ibi tí ẹ máa jókòó fún yín. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sí àfojúdi.

Ta wá ni ó ń san owó gbogbo èyí? Èrò 19 kò lè ra epo, kí wọ́n sanwó awakọ̀ méjì, kí wọ́n tún bọ́ òṣìṣẹ́ pápákọ̀. Ìjọba ni. Ilé iṣẹ́ ìjọba Scotland kan, Highlands and Islands Airports, ló ń bójú tó pápákọ̀ Barra àti mẹ́wàá mìíràn. Owó ìjọba ni wọ́n fi ra Twin Otter tuntun ní 2015, owó ìjọba ló sì ń dí ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì kò lè mú wọlé. Láti ọdún 2006 ni ètò kan tún ti wà tó ń dín owó bàálù kù fún àwọn tó ń gbé ní erékùṣù. Ní báyìí, ìdajì owó tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ni ó ń yọ fún wọn.

Àwọn kan á pe èyí ní ìfowóṣòfò. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi láti Barra dé Oban ń gba nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìjì sì lè dá a dúró. Aláìsàn tí àrùn rẹ̀ ju agbára ilé ìwòsàn kékeré erékùṣù lọ kò ní wákàtí márùn-ún lọ́wọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1933 ni bàálù kọ́kọ́ gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ láti erékùṣù Islay lọ sí Glasgow, láti ìgbà náà ni iṣẹ́ bàálù aláìsàn ti gbilẹ̀ ní agbègbè yẹn. Ní Barra tí kò sí iná lójú ọ̀nà, nígbà tí ọ̀ràn pàjáwìrì dé lóru, wọ́n ti to mọ́tò sí etíkun rí, wọ́n tan iná iwájú wọn sórí iyanrìn kí awakọ̀ lè ríran.

Mo mọ̀ pé owó ìjọba lè ṣe àṣìṣe. Ẹ wo St Helena, erékùṣù àárín òkun Àtìláńtíìkì tí Napoleon kú sí ní 1821. Nígbà kan rí, ọkọ̀ ojú omi kan ló ń gbé àwọn ará ibẹ̀, ó sì ń sùn nǹkan bí oru márùn-ún lójú omi láti Cape Town. Ìjọba Bìrìtìkó ná 285 mílíọ̀nù pọ́n-ùn sórí pápákọ̀ kan fún èèyàn tí kò pé 5,000. Wọ́n ní kó ṣí ní 2016; wọ́n wá rí i pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń yí ìwà padà lójijì létí òkè tí wọ́n kọ́ ọ sí, bàálù ńlá tí wọ́n fojú sọ́nà fún kò lè bà síbẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn ní London fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Oṣù Kẹwàá ọdún 2017 ni bàálù kékeré láti Johannesburg wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná ibẹ̀. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ojú omi náà rin ìrìn ìkẹyìn rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ní ìyá tó ń ṣàìsàn ní St Helena bóyá yẹ̀yẹ́ ni.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Glasgow àti Aberdeen pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ wo Barra, ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí àga 19 kì í pẹ́ tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ẹ sì wọ bàtà tí omi kò ní bà jẹ́.