Ariwo inú kíláàsì: ohun tí pàṣán mi kò lè ṣe

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n tó wọ yunifásítì padà fún oyè kejì, mo fi ọdún kan kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 ní sáyẹ́ǹsì ní Igbó-Ọrà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìlú ìbejì ni. Tí mo bá pe "Táíwò!", ọmọ mẹ́rin ló máa dáhùn, kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀kọ́ ti dàrú nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnì kan súfèé lẹ́yìn mi. Mo yíjú padà, mo fa Kẹ́hìndé kan jáde, mo nà án. Bí mo ṣe ń gbé pàṣán sílẹ̀ ni Táíwò rẹ̀ dìde: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni." Kẹ́hìndé ò sunkún. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà, kò nawọ́ dáhùn ìbéèrè mi mọ́.

Ìyẹn ló lé mi dédìí ìwádìí. Lọ́dún 1968, Madsen, Becker àti Thomas, ní Amẹ́ríkà, rí i pé òfin tí tíṣà kàn là sílẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí nǹkan kan padà. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni kí tíṣà máa yin ọmọ tó ń ṣe dáadáa, kó sì mójú kúrò nínú ariwo kéékèèké. Kí nìdí? Èrè ni kí tíṣà wo ọmọ. Tó bá jẹ́ ìgbà tó bá pariwo nìkan la máa ń wò ó, ariwo náà ló máa pa.

Lọ́dún 1969, Barrish, Saunders àti Wolf pín kíláàsì kan sí ẹgbẹ́ méjì. Ọmọ tó bá sọ̀rọ̀ tàbí dìde láìgbàṣẹ, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àmì kan lójú bọ́ọ̀dù. Ẹgbẹ́ tí àmì rẹ̀ kéré ló borí. Bí àmì àwọn méjèèjì bá sì kéré tó, àwọn méjèèjì ló jẹ èrè. Ariwo rọlẹ̀. Wọ́n dá eré náà dúró nígbà ìṣirò, ariwo padà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ariwo tún rọlẹ̀.

Èmi náà dán an wò. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ bẹ Kẹ́hìndé lójú gbogbo kíláàsì, torí ojú gbogbo wọn ni mo ti nà án. Kì í ṣe pé ariwo tán o. Àmọ́ lọ́sẹ̀ kẹta, ọwọ́ kan ga sókè lẹ́yìn: ọwọ́ Kẹ́hìndé ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ tíṣà, tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sìn ìlú, kẹ́ ẹ tó wá ẹni tó pariwo lọ́la, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ yìn ín.