Àgbàdo Nínú Ilé Mọ́tò

Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, àárín òjò ni àgbàdo àkọ́kọ́ a máa gbó. Òkè ààrò ni àwọn àgbà ń fi í kọ́ sí, kí èéfín lè gbẹ ẹ́; ọgbọ́n ńlá ni. Ẹlòmíràn nísinsìnyí a kó o sínú ilé mọ́tò ní tútù. Àgbàdo bẹ́ẹ̀ a máa bu, oró rẹ̀ a sì máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Sísè kò lè mú un kúrò tán. Ní ọdún 2004, ènìyàn 125 ni ó kú nípa rẹ̀ ní Kẹ́ńyà.

Kí àgbẹ̀ kí ó sá a títí hóró yóò fi máa dún láàrin eyín, kí ó gbé àpò lé orí pákó, jìnnà sí ògiri àti epo mọ́tò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ó gbá ilé náà, kí ó dí ihò èkúté, kí ó sì tún òrùlé ṣe kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé.