Ẹran tútù ni mo ń fún ọmọ Boerboel mi, àfi bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe wọ́: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa oúnjẹ ọmọ ajá ńlá

Ọmọ oṣù mẹ́rin ni Tanímọ̀la láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ dìde nílẹ̀ tí kò lè dìde. Mo kọ́kọ́ rò pé oorun ló ń kùn ún. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó ju ìrù, ó tiraka dìde, àmọ́ ńṣe ni ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì yà síta bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òsì, ó ké. Ajá Boerboel ni o! Ajá tí mo ti ń fi fọ́tò rẹ̀ ṣe fáàrí lórí WhatsApp látọjọ́ tí mo ti gbé e wálé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ìròyìn mi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú àti owó epo ni mo sábà máa ń kọ. Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá lónìí. Ajá ńlá ti pọ̀ nígboro báyìí. L'Ékòó, n'Íbàdàn, ọ̀dọ́ tó bá ti rí ilé tó ní géètì gbà, nǹkan tó kàn lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ ni Boerboel, Rottweiler tàbí Caucasian. A mọ iye tí wọ́n ń tà á, a mọ irú ṣéènì tó máa wọ̀ sọ́rùn. Ohun tó máa jẹ ni a kì í fara balẹ̀ béèrè. (Orúkọ àtijọ́ ni mo sọ tèmi. Àwọn bàbá wa máa ń fi orúkọ ajá pa òwe fún aládùúgbò, àmọ́ mi ò ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn, ẹ má bínú sí mi.)

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa tó ti ń sin ajá ńlá tipẹ́ ló gbà mí nímọ̀ràn pé ẹran tútù lásán ni kí n máa fún un. Ó ní, "Àbúrò, ṣé o ti rí kìnnìún tó ń dáná rí?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ìgékù ẹran, ẹ̀dọ̀ àti fùkù ni mò ń rà lọ́wọ́ alápatà. Mi ò fún un léegun rárá, torí ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ há a lọ́fun. Tanímọ̀la ń jẹ, irun ara rẹ̀ ń dán, ó ń tóbi. Gbogbo ẹni tó bá wá kí mi ló ń sọ pé ajá yìí mà ń jẹun o.

Dókítà ẹran tí mo gbé e lọ bá kò tíì fọwọ́ kàn án tó ti béèrè pé, "Ọ̀gá mi, kí lẹ ń fún un jẹ?" Mo fi ìyangàn dáhùn. Ó mí kanlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀ tán, ó gbé e sójú iná fún mi. Eegun tó yẹ kó funfun báláú, ńṣe ló ń ṣe bàìbàì bí èéfín. Ó ní ebi ẹran kọ́ ló ń pa ajá mi, ebi kálísíọ̀mù ló ń pa á.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ̀jẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣaláìní kálísíọ̀mù, torí òun ni ọkàn fi ń lù, òun náà ni iṣan fi ń ṣiṣẹ́. Ẹran lásán ò fi bẹ́ẹ̀ ní in. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló kún inú rẹ̀, ó lè tó ìlọ́po 15 sí 20 kálísíọ̀mù tó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ọmọ ajá yẹ kó ní àwọn méjèèjì ní déédéé, kí kálísíọ̀mù sì fi díẹ̀ jù ú lọ. Àwọn nǹkan róbótó kan wà lọ́rùn ajá, bó ṣe wà lọ́rùn tiwa náà, tó ń ṣọ́ iye kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá ti rí i pé ó ń dínkù, inú eegun ni wọ́n ti máa ń yọ ọ́. Ká sọ pé eegun ni báńkì. Tówó ò bá wọlé, tí ìnáwó ò sì dúró, ẹ mọ ibi tá a máa ń lọ. Eegun Tanímọ̀la ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àkáǹtì tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, ìwúwo ara sì wà lórí rẹ̀, ìyẹn ló fi ń wọ́.

Ọ̀rọ̀ kìnnìún yẹn ńkọ́? Mo bi dókítà náà, ó rẹ́rìn-ín. Kìnnìún kì í ra kílò ẹran lọ́jà. Ẹran odindi ló ń pa, ó ń jẹ ẹ̀dọ̀, ó ń jẹ awọ, ó ń rún eegun tó bá rọ̀. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn ọmọ kìnnìún tí wọ́n ń sìn, tí wọ́n bá ń fún wọn ní ẹran lásán láìsí eegun, àìsàn tó ṣe ajá mi yìí gan-an ló máa ń ṣe wọ́n. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n.

Ojú ẹsẹ̀ ni mo ní kí n sáré lọ ra oògùn kálísíọ̀mù. Ilé ìtajà oògùn ẹran kún fún un, oníyẹ̀fun, olómi, oníhóró. Dókítà ní kí n ní sùúrù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sínú wàhálà kejì. Àgbà ajá lè kọ kálísíọ̀mù tó bá pọ̀ jù, ìfun rẹ̀ máa jẹ́ kó bá ìgbẹ́ jáde. Ọmọ ajá tí ò tíì tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà ò mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn yẹn. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń dà á sí i, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ á máa wọlé. Lọ́dún 1985, Hazewinkel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Utrecht, lórílẹ̀-èdè Netherlands, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ Great Dane. Wọ́n fún àwọn kan ní oúnjẹ tí kálísíọ̀mù inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 1.1 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tó jẹ́ ìdá 3.3. Àwọn tó jẹ èyí tó pọ̀ yẹn ni eegun wọn ò dàgbà bó ṣe yẹ. Eegun rírọ̀ tó yẹ kó ti le, kò le bọ̀rọ̀.

Ajá kékeré sábà máa ń mú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ jẹ. Ajá ńlá ò lè mú un jẹ, torí bó ṣe ń yára dàgbà. Ọmọ Boerboel tí ẹ lè fi ọwọ́ kan gbé lónìí lè ju 60 kílò lọ tó bá pé ọdún méjì. Eegun tó ń yára gùn báyẹn, àṣìṣe oṣù kan péré máa hàn lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìjà tí àwọn olólùfẹ́ ajá ń jà, pé ṣé tútù ni àbí sísè, kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ló wọn kálísíọ̀mù inú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi ojú ìyẹn wo ẹran tútù. Dókítà ẹran ará Australia kan, Ian Billinghurst, ló sọ ọ́ di nǹkan táyé gbọ́, pẹ̀lú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1993. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, kò sọ pé ká máa fún ajá ní ẹran lásán. Eegun tútù tí ẹran wà lára rẹ̀ ló fi ṣe ìdí oúnjẹ rẹ̀. Àwa la gbọ́ ẹran, tá ò dúró gbọ́ eegun. Àwọn mìíràn nílùú wa sì lọ sí òdìkejì: orí adìyẹ àti ẹsẹ̀ adìyẹ lójoojúmọ́, torí ó pọ́ọ́kú. Eegun ló pọ̀ jù nínú ìyẹn, kò sì sí ẹni tó mọ iye kálísíọ̀mù tí ọmọ ajá ń gbé mì.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kòkòrò àìfojúrí. Salmonella wà lára adìyẹ tútù dáadáa. Ajá lè jẹ ẹ́ kí nǹkan kan má ṣe é, kó máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, kó sì tún fi ahọ́n yẹn lá ọmọ yín lójú. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran ní Amẹ́ríkà, AVMA, ti sọ láti ọdún 2012 pé àwọn ò fara mọ́ kí wọ́n máa fún ajá àti ológbò lẹ́ran tí wọn ò sè. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba ibẹ̀ tún kìlọ̀ fáwọn tó ń fi ẹran adìyẹ tàbí ti màlúù tútù ṣe oúnjẹ wọn pé kí wọ́n fi àìsàn adìyẹ H5N1 sínú ìṣirò wọn. Bí ẹ bá ní fìrísà, ẹ rántí pé yìnyín ò pa Salmonella, ńṣe ló kàn ń sùn. Tiwa wá burú ju ti òyìnbó lọ: iná lọ láàárọ̀, ẹran yọ́, iná dé lálẹ́, ẹran dì padà. Tí aláboyún, ọmọ ọwọ́ tàbí àgbàlagbà bá wà nílé yín, tèmi ni pé kẹ́ ẹ má dán an wò.

Ṣé ká wá máa sè é fún wọn? Ìyàwó mi fẹ́ràn ìyẹn: ìrẹsì, pańla, kárọ́ọ̀tì díẹ̀. Ó ń ta sánsán, ajá fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California, Davis, yẹ ọ̀nà 200 tí wọ́n ní kí èèyàn máa gbà se oúnjẹ ajá nílé wò. Nínú ọgọ́rùn-ún, 95 ló kù díẹ̀ káàtó, ó kéré tán nínú èròjà pàtàkì kan. Oúnjẹ àgbà ajá lásán nìyẹn o, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ ọmọ ajá. Síńkì, kọ́pà, áyódínì, fítámì D, gbogbo wọn ló yẹ kó pé. Mo ti ń sọ lọ́kàn mi pé ṣebí oòrùn Èkó á fún un ní fítámì D, àṣé ara ajá kì í fi oòrùn ṣe é tó bíi tiwa, inú oúnjẹ ló ti gbọ́dọ̀ rí i. Èèpo ẹyin tá a lọ̀ náà, ẹ ṣọ́ra: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ kálísíọ̀mù. Ṣíbí tíì kan ní nǹkan bíi gíráàmù méjì. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń bù lé oúnjẹ bí iyọ̀.

Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ àná? Rárá o. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ wa máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, eegun tá a ti sè sì máa ń sán, ó lè gún ìfun. Bí ẹ bá ti pinnu pé ẹ̀yin lẹ máa sè é, dókítà tó mọ̀ nípa oúnjẹ ẹran ni kó kọ ìwọ̀n rẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ má yí i padà torí pé ẹja wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn.

Oúnjẹ inú àpò ló wá kù. Òun ni mo ń lò báyìí, kì í ṣe torí pé mo fẹ́ràn àwọn tó ń ṣe é, torí wọ́n kọ ìwọ̀n sára rẹ̀ ni. Àjọ AAFCO ní Amẹ́ríkà ní kálísíọ̀mù oúnjẹ ọmọ ajá ńlá kò gbọdọ̀ ju ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tí wọ́n bá yọ omi inú rẹ̀ kúrò, kó má sì dín sí 1.2. Ajá tó máa tó kílò 32 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá dàgbà ni wọ́n ń pè ní ńlá. Ẹ yí àpò wò lẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá gbólóhùn yìí: including growth of large size dogs. Kì í ṣe gbogbo àpò tí wọ́n ya ọmọ ajá sí ló ní in. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní kílò kílò lọ́jà látinú àpò tó ti ṣí sílẹ̀, mi ò mọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ka ohun tó wà lára àpò tẹ́ ẹ ò rí. Bẹ́ ẹ bá sì ti ra èyí tó pé, ẹ má fi kálísíọ̀mù mìíràn kún un, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á dún mọ́ yín tó. Ní ti èyí tí wọ́n ń polówó pé kò sí ọkà nínú rẹ̀, ẹ má torí ìyẹn san owó lé e. Lọ́dún 2018 ni àjọ FDA ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bóyá ó lọ́wọ́ nínú àìsàn ọkàn àwọn ajá kan.

Ó ku ìwọ̀n oúnjẹ, èyí tó máa dun àwa Yorùbá jù, torí àwa fẹ́ràn kí ohun tá à ń sìn sanra. Iléeṣẹ́ Purina sin Labrador 48 láti ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ títí wọ́n fi kú, wọ́n sì ń dín oúnjẹ ìdajì wọn kù ní ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2002: àwọn tí wọ́n dín tiwọn kù lo nǹkan bí ọdún 13, àwọn tó jẹ púpọ̀ lo nǹkan bí ọdún 11 àti oṣù díẹ̀, oríkèé ìbàdí tiwọn sì tètè bàjẹ́. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìhà ọmọ ajá yín. Ó yẹ kí ọwọ́ yín máa ka eegun ìhà rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní láti wá a, ẹ dín oúnjẹ kù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Tanímọ̀la fi wà nínú kéèjì, kò gbọdọ̀ fò, kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn. Oúnjẹ inú àpò, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, mo ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ó ti pé oṣù mọ́kànlá báyìí, ó ń rìn, ó ń sáré, ó ń gbó ẹni tó ń ka mítà iná. Ẹsẹ̀ òsì ṣì wọ́ díẹ̀, dókítà ní bó ṣe máa wà nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ń kọjá lọ, ó dúró níwájú géètì, ó wò ó tìtì. Ó ní, "Àbúrò, ajá yìí mà ti gbẹ. Wá ẹran fún un." Mo ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n," mo sì ti géètì.