Ẹgbẹ́ Onílé àti Iye Owó Ilé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń fi owó kòkó pamọ́ láti ra ilé ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, ẹ mọ̀ dájú pé kì í ṣe bíríkì àti páànù nìkan ni ó ń sọ iye owó ilé. Olùrà a máa kọ́kọ́ bèèrè bí mọ́tò bá lè dé ẹnu ọ̀nà nígbà òjò, bí iná mànàmáná bá wà, àti bí a bá lè fi ọkàn balẹ̀ sùn lóru. Ìwọ̀nyí ni ẹgbẹ́ àwọn onílé ń dáwó sí: wọn a máa la gọ́tà, wọn a máa ra tiransifọ́mà, wọn a sì máa gba ọlọ́dẹ. Nítorí náà, ilé méjì tí a kọ́ bákan náà lè yàtọ̀ gidigidi ní owó.

Ṣùgbọ́n bí owó ẹgbẹ́ bá pọ̀ jù, yóò lé olùrà àti ayálégbé sá. Àdúgbò mìíràn sì wà tí géètì rẹ̀ dára ju títì rẹ̀ lọ! Ẹ wádìí gbèsè tí ẹni tí ń ta ilé jẹ ẹgbẹ́ kí ẹ tó sanwó.

Èyí tí ó tóbi jù ni pé ìwé owó ẹgbẹ́ kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, Gómìnà ni ó láṣẹ lórí ilẹ̀ ìgboro. Alága ẹgbẹ́, bí ó ti wù kí ó jẹ́ ènìyàn rere tó, kò lè fọwọ́ sí i dípò rẹ̀. Ní Sẹkitéríàtì Àgódi ni a ti ń yẹ ìwé ilẹ̀ Ìbàdàn wò. Aláùsá ni ti Èkó.